Ìṣẹ́jú Kan fún Bẹ́ẹ̀dì Kẹsàn-án

Ìṣẹ́jú kan gbáko ni òfin sọ pé kí nọ́ọ̀sì fi ka èémí aláìsàn. Kì í ṣe ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí a ó wá sọ di ìlọ́po méjì, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán wọ̀n. Ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun tí yóò ṣì máa mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú fi máa ń di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bíi pé bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ni wọ́n ṣì ń kà, nígbà tí ojú wọn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tó ti wà lórí àyà, tí wọ́n ń wo bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tó mọ ọ̀nà yìí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì gan-an. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń wẹ aláìsàn, tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń kọ ìgbóná ara, ìlù ọkàn àti èémí sí káàdì tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Aláago ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí aago kékeré kan tó máa ń fi píìnì kọ́ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Aago náà dorí kodò sí ẹni tó bá dojú kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá tẹrí ba, ó dúró dáadáa lójú rẹ̀.

Àgbà nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un ní aago náà lọ́jọ́ tí ìyá yẹn fẹ̀yìn tì. Ohun tó bá a sọ kò pọ̀. Ó ní, "Ìgbóná ara máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọkàn lè máa sáré nítorí ẹ̀rù. Èémí ni kó o máa wò, ọmọ mi. Aláìsàn tó fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, èémí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa."

Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀dì méjìlélógún ló wà ní wọ́ọ̀dù nígbà náà, àwọn márùn-ún ni wọ́n sì ń pín in ṣe. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí orúkọ tirẹ̀ ń jẹ́ Kíákíá, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó máa ń parí ìlà tirẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé ìdajì. Kíákíá kì í ka èémí ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ṣe ìgbóná ara àti ìlù ọkàn tán, á kọ méjìdínlógún, á sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Kì í ṣe òun nìkan. Láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, méjìdínlógún ni wọ́n ń kọ. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ mẹ́rìndínlógún, ó ti dára jù fún aláìsàn. Bí wọ́n bá kọ méjìlélógún, dókítà lè bi wọ́n léèrè. Méjìdínlógún kì í pe àkíyèsí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Aláago," Kíákíá á pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé kí n gbé àga wá fún yín ni, àbí ẹ ti fẹ́ sùn tì í?"

"Gbé méjì wá, kí ìwọ náà jókòó kọ́ṣẹ́."

"Èmi? Mo ti parí ìlà tèmi, mo ti mumi, mo ti tún gèlè mi wé. Ẹ̀yin ṣì wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin bí ẹni ń ka ìràwọ̀."

Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin á bú sẹ́rìn-ín, á sì di ikùn mú nítorí ojú abẹ. Ìyá Aláago á wo Kíákíá, á ní, "O ti bà á jẹ́ fún mi nìyẹn. Mo máa tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí èémí tó ń lọ sókè, á pe dókítà. Nígbà mìíràn, dókítà á ní kò sí nǹkan kan. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbé aláìsàn náà sáré. Àwọn kan rìn jáde ní wọ́ọ̀dù yẹn lórí ẹsẹ̀ ara wọn tí wọn kò mọ̀ pé obìnrin kúkúrú kan ló wo àyà wọn fún ìṣẹ́jú kan tó sì rí nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì méjìlá kún wọ́ọ̀dù náà, débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn kó tó lè kọjá láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Nínú òṣìṣẹ́ márùn-ún, àwọn kan fẹ̀yìn tì, àwọn kan wáṣẹ́ lọ síbòmíràn, kò sì sẹ́ni tó rọ́pò wọn. Ó ku Ìyá Aláago àti Kíákíá. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì tuntun dé, obìnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan tò létòlétò, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo káàdì ti kún kí dókítà tó wọlé ní aago méjì ọ̀sán. Káàdì tó bá ní àlàfo, lẹ́tà ìbáwí ni.

Ìyá Aláago gba lẹ́tà méjì láàárín oṣù kan.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè é sí ọ́fíìsì. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá Aláago, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù lọ nínú wa, mi ò fẹ́ kọ ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí káàdì kún."

"Bí mo bá ka èémí gbogbo wọn, kò lè kún, mà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni fún ìlà tèmi, èémí nìkan. Ẹ ò tíì fi wíwẹ̀ àti oògùn kún un."

"Mi ò ní kí ẹ má kà á. Mo ní kí ẹ jẹ́ kó kún."

Ìyá Aláago dìde, ó sì padà sí wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹta ọdún náà ni. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó sì ku bẹ́ẹ̀dì márùn-ún. Ó di ọrùn ọwọ́ aláìsàn kìíní nínú wọn mú, ó ka ìlù ọkàn rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ méjìdínlógún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó kù náà, méjìdínlógún. Dókítà wọlé, ó yẹ káàdì wò, ó sì kọjá lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ìdajì ìlà. Kí oṣù náà tó parí, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ló ti ń kọ ọ́. Aago ṣì wà láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò oúnjẹ àti àkókò oògùn nìkan ló fi ń wò.

Lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá kan wá sí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ṣubú nílé, egungun itan rẹ̀ dá, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń ní kí wọ́n bá òun na káàdì òun wá kí òun lè wo máàkì.

"Aláago, mélòó lo fún mi lónìí?"

"Èémí yín, ìyá? Méjìdínlógún."

"Méjìdínlógún nínú ogún. Mo ṣe dáadáa. Nígbà tí mo ń kọ́ wọn níwèé, n kì í fún ẹnikẹ́ni ju mẹ́rìndínlógún lọ."

"Ẹ̀yin lẹ le jù, mà."

"Ọmọ mi gan-an, mẹ́sàn-án ni mo máa ń fún un. Ìdí tó fi di káfíńtà nìyẹn."

Ọmọ náà wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga tí eruku pákó wà nínú irun apá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó bá jẹ́ pé mẹ́wàá lẹ fún mi ni, ta ni ì bá kan àga tí ẹ ń jókòó lé nílé?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, Ìyá Aláago dé bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ní aago méjì ku díẹ̀. Ara Tíṣà kò gbóná. Ọkàn rẹ̀ yára díẹ̀, kò tó ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó gbagidi, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Aláago. Àyà mi. Ó ń ṣe mí bákan."

"Ẹ ti jókòó pẹ́ jù, mà. Ẹ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Mò ń bọ̀."

"Mélòó. Lo fún mi?"

Ìyá Aláago wo àyà rẹ̀. Ó rí bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀, ní kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló ṣì kù fún un. Ó gbọ́ ohùn dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Méjìdínlógún, mà."

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Mi ò tíì fìdí rẹmi."

Ìyá Aláago kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà wọlé, ó wo káàdì, ó kí Tíṣà, ó sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kẹwàá. Ìyá Aláago kò padà lọ sọ́dọ̀ Tíṣà. Aláìsàn kan bì ní bẹ́ẹ̀dì kẹrìnlá, òmíràn já okùn omi tí wọ́n fà sí i lára, nígbà tó sì máa ráyè, ó ti di aago mẹ́fà, ó ń múra àtilọ sílé. Ó yára kọ káàdì ìrọ̀lẹ́. Tíṣà ti fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó pajú dé. Ìyá Aláago kọ méjìdínlógún.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ní ó pa Tíṣà kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú káfíńtà, ó sì na káàdì náà sí i.

"Kò sí àmì kankan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó fúnra yín. Títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná, èémí wọn dáadáa ni. Ó kàn ṣẹlẹ̀ lójijì ni."

Káfíńtà gbójú sókè, ó rí Ìyá Aláago. "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn lánàá. Ṣé wọn ò jìyà?"

"Wọn ò jìyà, ọmọ mi," ni Ìyá Aláago dáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì kan wá, igi líle tó fá dán, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú wọ́ọ̀dù. Ó ní àwọn òbí àti ọmọ aláìsàn máa ń dúró jù níbẹ̀. Kò kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i. Láti ọdún náà, bí oṣù yẹn bá ti pé, á wá nu bẹ́ǹṣì náà, á fi òróró pa á, á mú ìṣó tó bá ti tú le, á sì wọ inú wọ́ọ̀dù kí Ìyá Aláago. Ìyá mi kejì ló ń pè é. Ìyá Aláago kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà rí, bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ ń dùn ún tó.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Dókítà kan wá láti yunifásítì, obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì. Iṣẹ́ ìwádìí ló wá ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè rí i nínú káàdì, ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, pé aláìsàn kan ń lọ sí ibi tí kò dára. Ó ní bí òun bá rí i, òun á ṣe káàdì tuntun tí àwọ̀ pupa máa wà lórí òǹkà tó bá léwu, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ọ́ lè mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, Kíákíá ti sọ ọ́ ní Dókítà Oníkáàdì, nítorí pé kì í wo aláìsàn, káàdì àwọn tó ti lọ ló ń wò.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kí Ìyá Aláago máa bá a kó káàdì jáde láti yàrá ìkẹ́rùsí, òun tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo ènìyàn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pín káàdì sí ọ̀nà méjì, àwọn tó kú sí ọ̀tún, àwọn tó lọ sílé sí òsì, wọ́n sì ń tẹ òǹkà inú wọn sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà náà kò gbéra ga. Ó máa ń fún Ìyá Aláago ní àga, á sì ṣàlàyé ohun tó bá rí fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù jọ.

"Ìgbóná ara sọ nǹkan díẹ̀ fún wa," ló wí. "Ìlù ọkàn sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èémí, ó yà mí lẹ́nu, èémí kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó kú àti àwọn tó yè, bákan náà ni. Mo máa dámọ̀ràn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú káàdì tuntun. Kò sídìí láti máa fi àkókò yín ṣòfò."

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ni Kíákíá wí. "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa. Ìyá Aláago, ẹ ti lè ta aago yín báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn káàdì jọ.

Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tí ẹ̀yìn ríro ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ta ló gba ahọ́n rẹ lọ́wọ́ rẹ?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ó sọ ti oṣù kẹta, ó sọ ti méjìdínlógún, ó sì sọ ti bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, èyí tí kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Ṣé ẹnì kan bi ọ́ léèrè ni?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Oṣù mélòó ló kù kó o fẹ̀yìn tì?"

"Méje."

"Bó o bá dákẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Wọn ò ní kà á mọ́ láéláé. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wúlò. Ibi tí wọ́n bá ti ka ìwé ọ̀hún, wọn ò ní kà á níbẹ̀ náà. Irọ́ wa ni wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́."

Bàbá náà fi àtàǹpàkò gbá etí tábìlì díẹ̀díẹ̀. "Èmi náà ti fi símẹ́ǹtì díẹ̀ bo ohun tó yẹ kí n wó rí."

"Ó wá ńkọ́?"

"Mi ò gba òpópónà yẹn kọjá mọ́." Ó fa àwo oúnjẹ náà súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. "Jẹun. Wọn kì í fi ebi lọ síbi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aláago wọ yàrá Dókítà Oníkáàdì, káàdì kan ṣoṣo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má yọ èémí kúrò."

"Ìyá, kì í ṣe èmi ni mo yọ ọ́, ìwádìí ló yọ ọ́. Ẹ wò ó. Àwọn tó kú, méjìdínlógún. Àwọn tó lọ sílé, méjìdínlógún."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni púpọ̀ nínú wọn."

"Ọwọ́ yín ló mọ́ jù lọ nínú gbogbo wọn. Kíkà rẹ̀ kò nira rárá."

"Mi ò kà wọ́n, mà. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Dókítà náà kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. "Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo rẹ̀, láti Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹta ọdún yẹn. Èyí tó ṣáájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi ìṣẹ́jú kan kà. Ẹ pín in sí méjì kí ẹ tún un wò." Ó gbé káàdì ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "Èyí yàtọ̀. Èyí, mo rí i lójú ara mi. Ìyá náà ń mí bí ẹni tó gun òkè, kò lè sọ̀rọ̀ tán. Mo rí i, mo sì kọ méjìdínlógún."

Dókítà náà mú káàdì náà wò. "Àwọn yòókù ńkọ́, Ìyá? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi lẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn náà fúnra yín."

"Ẹ mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì á sì kà á."

"Torí kẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ṣe wá."

Dókítà Oníkáàdì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó kó gbogbo méjìdínlógún láti oṣù kẹta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kó ti Kíákíá àti ti àwọn tó kù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ka káàdì àtijọ́ tí Ìyá Aláago fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nínú ọgọ́rin aláìsàn tó kú ní àwọn ọdún tó ń kà á ní tòótọ́, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni èémí wọn ti ju mẹ́rìnlélógún lọ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, nígbà tí ara púpọ̀ nínú wọn ṣì tutù. Kò sí òǹkà mìíràn nínú káàdì tó sọ tó bẹ́ẹ̀. Èémí dúró nínú káàdì tuntun, pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Ìwé ìwádìí náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ ni pé àwọn káàdì kan kò ṣeé gbára lé.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn mọ ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà kẹta. Wọ́n mú Ìyá Aláago kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kó lọ máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá ìfọṣọ títí oṣù méje náà á fi pé. Lẹ́tà mìíràn tún dé sí gbogbo wọ́ọ̀dù pé láti ọjọ́ náà lọ, ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí wọ́n fi máa ka èémí, ẹni tí kò bá sì kà á yóò fara gbá a. Wọn kò fi òṣìṣẹ́ kankan kún wọn.

Kíákíá wá gba aṣọ ní yàrá ìfọṣọ. Kò kí i. Ó ń ka aṣọ sórí apá rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti fọ ọwọ́ yín mọ́. Ó ku àwa nínú ẹrẹ̀."

"Mi ò dárúkọ rẹ."

"Ṣé ó dìgbà tí ẹ bá dárúkọ mi? Ta ló kù níbẹ̀? Èmi àti bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lánàá, ibi tí mo ti ń ka èémí ẹnì kan, ẹnì kejì já bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ ní kí a máa kà á. Ó dáa. Ẹ wá bá mi gbé ẹni tó ṣubú."

Ìyá Aláago mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fi aṣọ mẹ́rin kún èyí tó wà lápá rẹ̀, Kíákíá sì lọ.

Ó ku oṣù méjì kí Ìyá Aláago fẹ̀yìn tì nígbà tí oṣù bẹ́ǹṣì tún pé. Láti ojú fèrèsé yàrá ìfọṣọ, ó rí káfíńtà tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un. Ilé ìwòsàn kò ní sọ. Dókítà ìwádìí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ká aṣọ rẹ̀ lọ títí oṣù méjì náà á fi tán, káfíńtà á máa pè é ní ìyá kejì títí ọ̀kan nínú wọn á fi kú. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tò ó sórí pẹpẹ, ó sì jáde.

Káfíńtà ti da bẹ́ǹṣì dojú dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ti mì, ó sì ti yọ ọ́, ó ń fá ìdí rẹ̀.

"Ìyá mi kejì. Wọ́n ní ẹ ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, mo ní ṣé ẹ ò ṣàìsàn."

"Mi ò ṣàìsàn. Gbé ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọ sọ."

Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, láìfa ọ̀rọ̀ gùn, bó ṣe sọ ọ́ fún dókítà. Ó sọ ti ọwọ́ méjèèjì tí Tíṣà fi tẹ bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ pé Tíṣà béèrè máàkì, ó sì sọ iye tí òun fún un. Ó ní, "Mo sì tún sọ fún ọ pé wọn ò jìyà. Irọ́ ni."

Ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìlóṣòó, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lára wọn, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí táyà rẹ̀ ń dún. Ó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

"Mélòó ni ì bá jẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò kà á."

"Bí ẹ bá kà á, ṣé wọn ì bá yè?"

"Mi ò mọ ìyẹn náà. Dókítà ì bá dúró. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó mi orí, bí ẹni tó ń gbọ́ iye tí pákó ń jẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i, ọwọ́ líle tí eruku pákó bo. "Ẹ ka tèmi."

"Ọmọ mi."

"Ẹ kà á. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á."

Ìyá Aláago di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tẹrí ba wo aago àyà rẹ̀, ó dúró dìgbà tí ọwọ́ aago tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá fi dé òkè, ó sì gbé ojú lé àyà ọkùnrin náà. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn náà lọ títí ó fi kọrí sí kọ̀rọ̀. Ẹnì kan pe nọ́ọ̀sì nínú wọ́ọ̀dù, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Káfíńtà kò yí ojú kúrò lára rẹ̀. Aṣọ àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, lẹ́ẹ̀kan èémí rẹ̀ fẹ́ di ẹkún, ó sì gbé e mì.

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ìṣẹ́jú kan ọ̀hún nìyẹn?"

"Òun nìyẹn."

Káfíńtà wo ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó sì wo aago náà. Ó ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pa á dé, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀ ní ìdojúdé, ẹsẹ̀ mẹ́ta sókè, ìkẹrin nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń gbálẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí àwọn tó wá wo aláìsàn lè rí ibi dúró sí.